Ìmọ́lẹ̀ àti Èéfín Òṣòdì

Èdè ni mo ń kọ́, ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ tí mo ń fà símú láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì ló mú mi wádìí ìtàn yìí.

Ní 1905, Einstein sọ pé hóró-hóró ni agbára ìmọ́lẹ̀ ń wá, bí àgbàdo. Bí ìgbì rẹ̀ bá ṣe kúrú tó ni hóró náà ṣe lágbára tó. Ìṣirò fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kò ju nanómítà 398 lọ lè fọ́ náítírójìn dáyọ́ksáìdì inú èéfín. Ti pupa kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn tó já kúrò á so mọ́ òmíràn, á di ósóònù tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Haagen-Smit ṣàlàyé èyí nípa Los Angeles ní 1952.

A kò lè pa oòrùn Òṣòdì. Èéfín ni kí á dín kù.