Igbó Ọ̀ṣun: Èèwọ̀ Tí Ó Dá Igbó Sí

Láyé àtijọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú Yorùbá tí kò ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ro. Èèwọ̀ ni ó ń ṣọ́ igbó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá. Lónìí, ẹni tí ó bá rìn láti Ìkòtún dé Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ilé àti ọjà ni yóò máa rí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 níbẹ̀. Kí ni ó wá dá igbó Ọ̀ṣun sí ní Òṣogbo, nígbà tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti pa run?

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́yìn dé etí odò Ọ̀ṣun, igi tí wọ́n gé wó lu omi, Ọ̀ṣun sì figbe ta pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bá a dá májẹ̀mú: kí òun dáàbò bo ìlú, kí ìlú náà dá igbó rẹ̀ sí. Nítorí náà ni ọdẹ ṣíṣe, ẹja pípa àti igi gígé ṣe di èèwọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kì í ṣọ́ igbó bí kò bá sí ẹni tí ń bọ̀wọ̀ fún un. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ àwòrò ti fi ojúbọ sílẹ̀; àwọn ọdẹ, agégi àti oníṣòwò ilẹ̀ sì ya wọ inú igbó. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dìde sí i pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àtáọ́ja àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n sì lé àwọn tí ń ba igbó jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni òfin ìjọba tó dé: ní ọdún 1965, wọ́n kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992, ó kárí hẹ́kítà 75, ní 2005, UNESCO fi í kún ogún àgbáyé.

Èrè rẹ̀ kò pamọ́. Nǹkan bí irú ewéko 400 ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó lé ní 200 nínú wọn sì wúlò fún egbòogi. Ọdún Ọ̀ṣun ń mú àlejò àti ọjà wá fún ará ìlú ní oṣù Ògọ́sì lọ́dọọdún.

Síbẹ̀, odò kì í mọ ààlà. Ìwakùsà wúrà lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pupa rúsúrúsú, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ ní ọdún 2022 pé kí àwọn olùjọsìn má ṣe mu ún. Àtáọ́ja lè pàṣẹ nínú igbó. Àṣẹ rẹ̀ kò dé ibi ìwakùsà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀. Bí igi díẹ̀ bá ṣì kù létí omi ní Alímọ̀ṣọ́, ará àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀. Ìjọba ni yóò sì fi òfin gbè wọ́n lẹ́yìn, kí ilé tó gba ibẹ̀.