Kétu Láàárín Ìjọba Méjì: Orílẹ̀, Ìjọba àti Ààlà Ọdún 1889

Orílẹ̀-èdè ni àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ń pe Nàìjíríà àti Benin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tí wọ́n ń sọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀ gan-an ni ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá, èyí tí oríkì orílẹ̀ ń rántí, kódà bí ibẹ̀ bá ti di ahoro. Ìjọba ní tirẹ̀ ni ó ń gba owó orí, tí ó ń dá ẹjọ́, tí ó sì ń ṣọ́ ààlà. Ìtàn Kétu fi hàn pé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ará ìlú nígbèkùn. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó la ààlà láti etíkun lọ sí ìhà àríwá. Ààfin Alákétu ṣófo nígbà náà. Kò sí ọba lórí àpèrè tí ó lè bá wọn jiyàn. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn ìgbèkùn padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Kétu bọ́ sí abẹ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú abẹ́ Alákétu, bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ààlà yìí kò pa ìbátan. Nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe wọ àwọn ènìyàn lọ́rùn lábẹ́ Faransé, tí wọ́n sì ń fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ló sá wọ Nàìjíríà. Nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, A. I. Asiwaju rí irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìṣọ̀tẹ̀. A lè fi kún un pé orílẹ̀ ni ó mú kí ọ̀tẹ̀ náà ṣeé ṣe: ẹni tí ó sá kúrò lábẹ́ ìjọba kan kò bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ọ̀dọ̀ ẹbí ni ó sá lọ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí á fojú kéré agbára ìjọba. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ Kétu ń kà ní ilé-ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni ti àwọn ọmọ Ìmẹ̀kọ. Ẹjọ́ Ìmẹ̀kọ kò sì dé ààfin Alákétu mọ́. Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, ọdún 1960, Nàìjíríà ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá. Ní ọdún 1964, àwọn olórí Áfíríkà pinnu ní Káírò pé ààlà tí òmìnira bá nílẹ̀ ni wọn yóò máa bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí àwọn àjèjì fà sílẹ̀ nígbà tí ìlú wà ní ahoro wá di òfin àwọn ọmọ onílẹ̀.

Orílẹ̀ Kétu pa èdè, oríkì àti ẹbí mọ́. Àṣẹ ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alákétu ṣì wà lórí oyè, ṣùgbọ́n ará Ìmẹ̀kọ tí ó bá fẹ́ lọ kí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró níwájú aṣọ́bodè.