Onílù Tó Fún Kọ̀ǹpútà Ní Ohùn

Bí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga bá fẹ́ wọn iṣẹ́ ìsìn ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa ń pín in sí: èyí tó ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí tó ṣe fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà káàkiri ayé, àti èyí tó ṣe fún ará ìlú. Ìpín yìí rọrùn láti kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ìtàn John Chowning ní Yunifásítì Stanford, ní ìpínlẹ̀ California, jẹ́ kí n gbà pé ìpín náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí gbájú mọ́, iṣẹ́ náà ló sì sin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọdún 1934 ni wọ́n bí i, ní ìlú Salem ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Onílù ni. Ó lùlù nínú ẹgbẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà kó tó lọ sí Yunifásítì Wittenberg, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Paris láti kọ́ṣẹ́ orin lọ́dọ̀ Nadia Boulanger. Paris ló ti gbọ́ orin tí wọ́n fi ẹ̀rọ amóhùnjáde ṣe, orin náà sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó dé Stanford láti kàwé sí i, kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àpilẹ̀kọ kan tí Max Mathews ti yàrá ìwádìí Bell kọ ní ọdún 1963 ló ṣí i lójú: Mathews, tó ti mú kọ̀ǹpútà kọrin láti ọdún 1957, sọ níbẹ̀ pé kò sí ìró tí etí lè gbọ́ tí kọ̀ǹpútà kò lè gbé jáde. Chowning kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1964 ó lọ bá Mathews ní New Jersey, ó sì gbé àpótí káàdì oníhò bọ̀ wálé, èyí tí wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà tí Mathews fi ń ṣe orin sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ David Poole ló bá a mú kó ṣiṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe é, lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí àwọn tó ni ẹ̀rọ kò bá lò ó.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1967, torí òun ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Bí fèrè àti gòjé bá tilẹ̀ bọ́ sórí ìró kan náà, etí yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí pé inú ìró kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ ìró kéékèèké wà tí wọ́n ń yí padà láti ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá. Láti kó gbogbo wọn jọ níkọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Chowning ń mú ohùn ẹ̀rọ gbọ̀n bí olórin ṣe máa ń mú ohùn tirẹ̀ gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ kó dùn. Ó ń mú kí gbígbọ̀n náà yára sí i, kó sì jìn sí i, ju èyí tí ọ̀fun ènìyàn lè ṣe lọ. Nígbà tó kọjá nǹkan bí ogún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí rẹ̀ kò gbọ́ gbígbọ̀n mọ́. Ohùn tuntun ló ń gbọ́. Orísun ìró méjì péré, tí ọ̀kan ń ti èkejì, ló ń ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ orísun ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bó bá yí bí wọ́n ṣe bára mu padà, agogo yóò dún. Bó bá tún un yí, fèrè bàbà ni. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ti mọ ìṣirò náà tipẹ́. Etí onílù ló mọ̀ pé orin wà nínú rẹ̀.

Kí ni ilé ẹ̀kọ́ wá ṣe? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n kọ̀ láti fún un ní ipò àìyẹsẹ̀ tí olùkọ́ ń dì mú títí di ìfẹ̀yìntì, ó sì ní láti kúrò. Lójú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin, orin tó kọ kò pọ̀, ohun tó ń ṣe kò sì jọ orin tó bẹ́ẹ̀. Nígbà kan náà, ọ́fíìsì tó ń wá oníbàárà fún àwọn ìdásílẹ̀ Stanford ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri. Àwọn tó ń ṣe dùùrù oníná ní Amẹ́ríkà gbọ́ ọ, kò yé wọn. Yamaha ti Japan ló yé, wọ́n sì gba àṣẹ láti lò ó ní àárín àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1975 Stanford pe Chowning padà, ó sì dá ibùdó ìwádìí orin orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀ Leland Smith àti àwọn mìíràn, èyí tí a mọ̀ sí CCRMA.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé títa ìmọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ìsìn, òwò ni. Àtakò yìí lágbára, torí Yamaha jèrè gidigidi: kíbọ́ọ̀dù DX7 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1983, ní nǹkan bí 2,000 dọ́là, tà kọjá 150,000. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ta ohunkóhun, ní ọdún 1973, Chowning ti kọ gbogbo ọgbọ́n náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀, pẹ̀lú ìṣirò àti àpẹẹrẹ ohùn, kí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè gbìyànjú rẹ̀. Owó tó wọlé fún Stanford lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là, apá kan rẹ̀ sì gbọ́ bùkátà CCRMA. Ọgbọ́n yẹn náà ló wọ inú kíbọ́ọ̀dù kéékèèké fún ilé, inú kọ̀ǹpútà eré ìdárayá Sega, àti inú ohùn ìpè fóònù. Ọmọdé tó fi irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ kọ́ orin ìjọ kò gbọ́ orúkọ Chowning rí, ṣùgbọ́n ó jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn afunfèrè kò purọ́ pátápátá. Òótọ́ ni pé nínú ṣíṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, kíbọ́ọ̀dù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fún ènìyàn púpọ̀. Àdánù ni fún wọn, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò lè ra dùùrù rí ohùn dùùrù.

Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rí wà ní Yúróòpù. Aṣẹ̀dá orin György Ligeti wá sí Stanford ní ọdún 1972, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ padà lọ. Nígbà tí aṣẹ̀dá orin Pierre Boulez ń dá ibùdó ìwádìí orin IRCAM sílẹ̀ ní Paris, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Stanford ní ọdún 1975. Ní ọdún 1977, Chowning gbé orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Stria kalẹ̀ ní Paris. Lóòótọ́, kò dá gbogbo rẹ̀ ṣe: Mathews ló kọ ètò orin kọ̀ǹpútà tó fi bẹ̀rẹ̀, Poole ló tún un ṣe, Smith ló gbà á láyè. Bí ẹnì kan bá fi èyí dín ọlá rẹ̀ kù, ojú ọ̀tọ̀ ni mo fi ń wò ó. Ẹni tó mọ bí a ti ń kó irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ òrùlé kan ti ṣe iṣẹ́ tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Mathews fúnra rẹ̀, nígbà tó kúrò ní Bell, Stanford ló wá ní ọdún 1987, gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, láti bá ẹni tó kọ́ níṣẹ́ ṣiṣẹ́.

Chowning fẹ̀yìn tì ní ọdún 1996. Ilé tí wọ́n ń pè ní The Knoll, tí wọ́n kọ́ tẹ́lẹ̀ fún ààrẹ Yunifásítì náà, ni CCRMA kó lọ ní ọdún 1986. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1989 bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2005, ibẹ̀ náà ni ibùdó ọ̀hún wà di òní.