Àjà Ilé àti Òrùlé Páànù: Ìtàn Bí Ooru Ṣe Wọ Ilé Wa

Bí a bá ń sọ ìtàn ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ogiri àti òrùlé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkọ̀wé máa ń mẹ́nu bà. Wọn a sọ bí a ti ń po amọ̀, wọn a sọ̀rọ̀ nípa kọ̀bì ààfin, wọn a sì yin àwọn tí ó gbẹ́ òpó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà láàárín ogiri àti òrùlé tí a kì í sábà rántí, èyí nì ni àjà. Èrò mi ni pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn àjà kò lè mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé òde òní fi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní mọ bí a ti í tún wọn ṣe.

Ohun tí ó mú mi wá ìtàn yìí lọ kò ju gáréèjì ilé mi lọ. Mo fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe yàrá ìwé, ṣùgbọ́n páànù lásán ni ó bò ó, bí ó bá sì di agogo méjì ọ̀sán, kò sí ẹni tí ó lè jókòó síbẹ̀. Mo ra pákó, mo fi ọwọ́ ara mi kan àjà, mo sì dí gbogbo ihò abẹ́ etí òrùlé kí eku àti aláǹgbá má baà wọlé. Ooru ọ̀sán dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ti alẹ́ kò lọ. Nígbà tí òjò ọdún náà sì fi dáwọ́ dúró, pákó mi ti ń bu, ó sì ń jẹrà. Ìdajì iṣẹ́ ni mo ṣe. Àwọn baba wa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Òrùlé wọn nípọn. Koríko bẹ́rẹ̀ tàbí èkan ni wọ́n fi ń bo ilé ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ní ìhà gúúsù àti ní Ìjẹ̀bú, níbi tí koríko wọ̀nyí kò ti wọ́pọ̀, ewé gbòdògì ni. Samuel Johnson ti kọ èyí sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Bẹ́rẹ̀ níyì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kó o wá fún Aláàfin lọ́dọọdún láti fi bo ààfin, èyí tí ó sì di ọdún ńlá. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín koríko kì í ṣípò, ó sì ń dí ooru lọ́nà. Èéfín ààrò a máa gba inú koríko kan náà jáde, ooru a sì bá a lọ.

Lábẹ́ òrùlé yìí ni àjà wà. Wọ́n to igi lé ogiri, wọ́n tẹ́ ọ̀pá wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe: àgbàdo àti ẹ̀gúsí a máa gbé orí rẹ̀, amọ̀ rẹ̀ a máa dá ooru dúró, bí iná bá sì mú òrùlé, ẹrù inú yàrá lè là. Kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe ni ó ń ṣe é. Ọ̀wẹ̀ ni: àna, ọ̀rẹ́ àti ará agbo ilé a pé jọ, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. N kò sọ pé ilé náà kò ní àbùkù. Yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kéré, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a sì ń gbé ní ọ̀sán.

Iná ni ọ̀tá òrùlé koríko. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ààrò kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ gbé lè jó odidi àdúgbò. Ìdí nìyí tí a fi tẹ́wọ́ gba páànù. Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní London lórí irin pẹlẹbẹ tí a ṣe bí ìgbì omi; ní 1837 ni Stanislas Sorel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba tirẹ̀ lórí fífi síńkì bo irin kí ó má baà dípẹtà. Ọkọ̀ òkun gbé páànù dé Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó rọrùn láti kó o wọ inú ilẹ̀, owó kòkó sì ń rà á. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: páànù di àmì ọlá.

Ṣùgbọ́n páànù kò nípọn tó èékánná. Oòrùn tí ó bá pa á lẹ́yìn, inú ilé ni ó ń tú u sí. Nígbà tí ó ṣì ń dán, ó ń dá díẹ̀ padà. Nígbà tí ó bá dípẹtà, ó ń gbé e mì. Ní òru, bí ó bá tutù, ìrì a máa sẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, a sì máa kán sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, a pààrọ̀ òrùlé, a sì gbàgbé àjà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbàgbé. Àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, padà wá sí Èkó, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835. Káfíńtà àti bíríkìlà pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì wọn ga, fèrèsé wọn tóbi, òmíràn sì ní fèrèsé lára òrùlé. Lẹ́yìn tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán ilé rẹ̀ lọ́nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi la yàrá já, wọ́n sì fi ogiri oníhò ṣíji bo ilé lọ́wọ́ oòrùn. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí koríko ti mọ̀ ni.

Nínú ọ̀rúndún ogún kan náà ni pẹlẹbẹ asibẹ́sítọ́ọ̀sì di àjà ọ̀pọ̀ ilé. Kì í jó, nítorí náà ni a ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wá sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, àrùn náà a sì máa fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún àjà àtijọ́ ṣe fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ayùn rẹ́ irú pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, kò sì gbọdọ̀ gbá eruku rẹ̀. Kí ó wá ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo ti ro gbogbo èyí, mo padà sí gáréèjì mi. Mo ṣí abẹ́ etí òrùlé. Mo la ihò sókè ogiri méjèèjì tí ó kọjú sí ara wọn, mo sì fi àwọ̀n irin bò wọ́n nítorí eku. Mo bo imú àti ọwọ́ mi, mo tẹ́ òwú gíláàsì sórí pákó tuntun, mo sì fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti páànù kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá, kí ìrì má sì rin ín. Afẹ́fẹ́ tútù ń ti ìsàlẹ̀ wọlé, gbígbóná ń gba òkè jáde. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ihò wà nísàlẹ̀ ogiri pẹ̀lú, nítorí ilẹ̀ ni oru epo bẹntiróòlù ń rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ihò wọ̀nyí tó láti tan jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀: afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Òfin méjì ni ìtàn àjà kọ́ wa: kí a dá ooru dúró kí ó tó kan orí wa, kí a sì fún un ní ọ̀nà àbájáde. Ẹni tí ó bá pa ọ̀kan mọ́ tí ó sì fi èkejì sílẹ̀ yóò ṣe irú iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ṣì mọ ilé alájà amọ̀ kan ní ìlú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ wọ̀n ọ́n, kí ó bi àwọn àgbà bí a ti ṣe é, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ilé náà tó wó.