Àtìlẹ́yìn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé

Àtìlẹ́yìn fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni gbogbo ètò tí yunifásítì àti àwọn àjọ ìrànlọ́wọ́ ń ṣe kí ẹni tí ó ti tọrùn bọ iṣẹ́ ìwádìí má baà já a jù sílẹ̀ lágbede méjì, nítorí pé, bí àwọn àgbà ti wí, ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Ìtàn

Ní 1861 ni yunifásítì Yale kọ́kọ́ fún ènìyàn mẹ́ta ní oyè náà ní Amẹ́ríkà. Ní ti àtìlẹ́yìn, láti 1991 títí di 2000, àjọ ìrànlọ́wọ́ Mellon, tí William Bowen jẹ́ ààrẹ rẹ̀, náwó sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ 54 ní yunifásítì mẹ́wàá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ìtàn àti ẹ̀kọ́ tí ó fara pẹ́ wọn lè tètè parí. Ètò náà so èso níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò tó bí wọ́n ti retí. Ní 2004, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí à ń pè ní Council of Graduate Schools bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀, ó sì rí i pé nínú akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 57 ni ó ń parí láàrin ọdún mẹ́wàá: nǹkan bí 64 nínú iṣẹ́ ẹnjiníà, 49 péré nínú ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà.

Ọ̀nà ìrànlọ́wọ́

Owó ìgbọ́bùkátà, alábòójútó tí ó ju ẹyọ kan lọ, àyẹ̀wò iṣẹ́ lọ́dọọdún àti ẹgbẹ́ ìkọ̀wé ni ó wọ́pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń há sí ni ìgbà tí kíláàsì ti parí, tí ìdánwò ti kọjá, tí ó ku àpilẹ̀kọ nìkan: ẹni tí ń ṣe ìwádìí ẹ̀rọ a máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ ìtàn a máa dá jókòó ti ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Àríyànjiyàn

Olùwádìí Barbara Lovitts, nínú ìwé rẹ̀ ti 2001, sọ pé máàkì tí àwọn tí ó kúrò láìparí gbà nígbà oyè àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó parí, ó sì di ẹ̀bi púpọ̀ ru àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tí iṣẹ́ náà kò bá wù mọ́, kí ó tètè lọ ni ó sàn. Ó jọ pé òótọ́ wà níhà méjèèjì, nítorí àdánù ẹni tí ó tètè kúrò kò tó ti ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó lọ.

Áfíríkà

Àjọ CARTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Nairobi, tí yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ń kó àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tí ń wá oyè náà nínú ìmọ̀ ìlera gbogbogbòò jọ fún ìpàdé ẹ̀kọ́ mẹ́rin, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí dé òpin rẹ̀.