Ta Ló Ní Kí Ẹ Má Fi Àmì Sí I? Ìtàn Lẹ́tà ní Jọ́jíà àti Àméníà

Ọ̀rọ̀ Jọ́jíà ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o. Èyí tó wà láàárín Rọ́ṣíà àti Tọ́kì ni, níbi tí mo ti kàwé fún ọdún kan, àti Àméníà tó múlé tì í.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Tbilisi, mi ò lè ka orúkọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ. Lẹ́tà wọn tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Kò jọ ti òyìnbó, kò jọ ti Lárúbáwá. Lẹ́tà 33 ni, ìyá onílé mi ló sì jókòó kọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi ní èdè tèmi. Mo kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i.

"Ọmọ mi, ṣé bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ gan-an nìyí?"

"Rárá, mà. Ó ní àmì, a kì í kàn sábà fi í sí i ni."

"Ta ló ní kí ẹ má fi í sí i?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n wá sọ ìtàn ọdún 1978 fún mi.

Abẹ́ ìjọba Soviet ni Jọ́jíà wà nígbà náà. Wọ́n ń tún òfin ìpìlẹ̀ kọ, wọ́n sì fẹ́ yọ gbólóhùn tó sọ pé èdè Jọ́jíà ni èdè ìjọba níbẹ̀ kúrò. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú síta ní Tbilisi. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1956, sójà Soviet ti yìnbọn pa àwọn olùfẹ̀hónúhàn nílùú yẹn kan náà. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀mí lè bá a lọ, síbẹ̀ wọ́n jáde. Eduard Shevardnadze, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní Jọ́jíà, bá Moscow sọ ọ́, gbólóhùn náà ò sì kúrò mọ́. Títí dòní, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ni ọjọ́ èdè Jọ́jíà.

Ọmọ ogún ọdún ni ìyá onílé mi, wọ́n sì wà láàárín èrò náà. Wọ́n ní ohun tí àwọn rántí jù ni pé ẹsẹ̀ àwọn ń gbọ̀n.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wọ marshrutka, ìyẹn dánfó tiwọn, lọ sí Yerevan, olú ìlú Àméníà. Ibẹ̀ ni Matenadaran wà, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ pa mọ́ sí. Ère Mesrop Mashtots wà níwájú rẹ̀, àlùfáà tó ṣe lẹ́tà 36 fún èdè Àméníà ní nǹkan bí ọdún 405. Ṣáájú ìgbà náà, èdè Gíríìkì àti Syriac ni wọ́n fi ń ka Bíbélì fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. Ní ọdún 428, ìjọba ọba wọn parí. Lẹ́tà náà kò parí.

Nínú ilé yẹn ni mo ti rí ìwé ìwàásù Mush. Awọ ẹran ni ojú ewé rẹ̀, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 28. Ní ọdún 1915, nígbà tí ìjọba Ottoman ń pa àwọn ará Àméníà nípakúpa, ìtàn sọ pé obìnrin méjì tó ń sá lọ rí i. Kò ṣeé gbé fún ẹnì kan, ni wọ́n bá pín in sí méjì. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ dé Etchmiadzin. Èkejì kú, ṣùgbọ́n ó ti ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Erzurum, wọ́n sì padà rí i níbẹ̀. Ìdajì méjèèjì ti wà papọ̀ báyìí.

Mo dúró síwájú ìwé náà pẹ́. Kò sí sójà tó ń lé èmi. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lórí fóònù mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò kàn tan án rí ni. Mo tan án lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kọ orúkọ mi tàmì-tàmì, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá onílé mi. Lẹ́tà Jọ́jíà ni wọ́n fi dá mi lóhùn, mo sì kà á fúnra mi.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti tan tiyín? Ó dìgbà kan ná o.