Orúkọ Wo La Ó Pe Ọkọ̀ Ewé Tíì?

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń dá onítumọ̀ dúró nínú ìtàn òwò tíì ni tíì fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun gbígbóná yòówù téèyàn bá pò sínú ife láàárọ̀, tíì ni, ìbáà ṣe kòkó ló wà níbẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ ń kó láti Ṣáínà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe èyí. Ewé gbígbẹ ni. Nítorí náà, "ewé tíì" ni mo máa ń kọ. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ ká lọ́dún, tó lówó lórí jù, mo pè é ní "àkọ́ká".

Àkọ́ká yìí ló ń mú kí àwọn ọkọ̀ máa bá ara wọn sáré. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 1866, Taeping, Ariel, Serica àtàwọn mìíràn gbéra ní Fuzhou, wọ́n sì gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà yí po. Ọjọ́ 99 ni àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí lò lójú omi. Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án, Ariel ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà èbúté tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi ò tíì kún tó láti ṣílẹ̀kùn fún un. Taeping kò rì wọnú omi tó o, ó sì fi ìṣẹ́jú 28 ṣáájú rẹ̀ wọlé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún bí ọkọ̀ ṣe ń rì wọnú omi tó. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi ṣẹ̀dá orúkọ fún un, nígbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe wa ti parí iṣẹ́ náà.

Owó tó wà fún ẹni tó bá ṣíwájú ńkọ́? Ṣílè 10 ni lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ni Taeping àti Ariel sì pín in. Kì í ṣe èlé. Kì í ṣe ẹ̀ènì, torí ọwọ́ ọ̀làwọ́ ni ẹ̀ènì ti ń wá, èyí sì wà nínú àdéhùn. "Owó àkọ́dé" ló bá a mu.

Ní ti ara ọkọ̀, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù ti fọ́: ìgbokùn, ìdákọ̀ró, atukọ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá yìí ní ọ̀rúndún kan náà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń sáré. Ó dùn mí pé àwọn òǹkọ̀wé òde òní fò wọ́n dá, tí wọ́n ń kọ "aṣọ ọkọ̀" dípò ìgbokùn. Àpẹẹrẹ ìtọ́kọ̀, ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, ni mo tẹ̀ lé nígbà tí mo wá orúkọ fún òkúta tí wọ́n ń tẹ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó to àpótí ewé lé e, torí ewé fúyẹ́, òpó ọkọ̀ sì ga. "Ìtẹ̀kọ̀" ni mo pè é.

Ọkọ̀ náà gan-an, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí imú rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, tí ìgbokùn bò ó, "asárélókun" ni mo fún un lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ náà ń sọ.

Orúkọ ọkọ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ le díẹ̀ láti rí. Èéfín lojú ń rí, ṣùgbọ́n ooru omi híhó ló ń tì í lọ, nítorí náà "ọkọ̀ olóoru" ni mo fara mọ́. Ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1869 ni wọ́n ṣí odò àtọwọ́gbẹ́ Suez. Ọkọ̀ olóoru ń gba ibẹ̀ kọjá, asárélókun kò lè gbà á, torí afẹ́fẹ́ Òkun Pupa kò ṣeé gbára lé. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ asárélókun tó ń jẹ́ Cutty Sark sómi ní Dumbarton.

Okùn oríṣiríṣi tó so òpó mọ́ ìgbokùn ló kù tí n kò fún lórúkọ. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí ọ̀sà Èkó àti Àgbádárìgì, tí bàbá yín ta ìgbokùn sí ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n sílẹ̀ fún wa.